Ihò Kẹta Nínú Àpótí Àlàmú

Bí ẹ bá wọ ṣọ́ọ̀bù Àlàmú ní àdúgbò Commerce, ní ìlú Bouaké nílẹ̀ Côte d'Ivoire, abọ́ àti ìkòkò ni ẹ óò rí láti ilẹ̀ dé òrùlé. Ohun tí ẹ ò ní rí ni àpótí pákó pẹlẹbẹ kan tó wà lábẹ́ àga tó ń jókòó lé. Ihò mẹ́jọ ni káfíńtà gbẹ́ sínú rẹ̀, ihò kọ̀ọ̀kan sì ni ilé ṣílè kan, ṣílè fàdákà ayé àwọn Gẹ̀ẹ́sì, irú èyí tí àwọn bàbá wa ń dì sétí aṣọ bọ̀ láti Ògbómọ̀ṣọ́. Láti ọdún 1913 títí dé 1920 ni wọ́n fi fàdákà gidi ṣe é. Lẹ́yìn ìyẹn, idẹ ni wọ́n ń lò. Méje ti wà lọ́wọ́ Àlàmú. Ihò kẹta ló ṣófo, ilé ti ọdún 1915.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́, ọ̀rọ̀ náà ti ń di àìsàn. Ó wá ṣílè yìí dé Korhogo. Ó wá a dé ọ̀dọ̀ àwọn alágbẹ̀dẹ fàdákà, àwọn yẹn sì ti yọ́ tiwọn ṣe ẹ̀gbà tipẹ́tipẹ́. Morẹ́nikẹ́ ìyàwó rẹ̀ ní bí òun bá sọnù, òun ò rò pé ọkọ òun yóò wá òun tó bẹ́ẹ̀. Àlàmú ní ìyẹn yàtọ̀, pé àwọn obìnrin ṣì pọ̀ nílẹ̀. Ìyà ẹnu rẹ̀ jẹ ẹ́ lọ́jọ́ náà, nítorí gààrí gbígbẹ ló fi sùn.

Ìgbà tó yá ni ìyá àgbà kan wá ra abọ́. Sèfíyátù lorúkọ rẹ̀, ará ilé wa ni, Languibonou ló ń gbé. Bó ti bẹ̀rẹ̀ láti kan ìdí abọ́ kó gbọ́ bó ṣe ń dún, nǹkan kan yọ jáde lọ́rùn rẹ̀ lórí òwú dúdú. Ṣílè ni. Àlàmú rí igi ọ̀pẹ ara rẹ̀. Ó rí 1915.

Ṣùgbọ́n oníṣòwò ni. Ẹni tó bá jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé òun fẹ́ nǹkan, wọn yóò bó o láwọ. Ó yáa gbójú sókè, ó bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ilé.

"Ìyá, ta ló ń gbé pẹ̀lú yín lọ́hùn-ún?"

"Ọmọ-ọmọ mi ni, Shakirat. Aránṣọ ni."

"Kò tíì lọ́kọ?" Kí ọ̀rọ̀ ṣáà máa lọ ló ṣe béèrè.

"Kò tíì ní o."

"Alihamudulilahi!" ni Àlàmú wí, nítorí pé ṣílè náà tún yọ jáde lákòókò náà gan-an.

Ìyá àgbà wò ó láti òkè dé ilẹ̀. Àlàmú bù lára owó abọ́ fún un, ó gbé e dé ìdí ọkọ̀, ó ní òun ń bọ̀ wá kí wọn nílé. Ìyá àgbà rẹ́rìn-ín músẹ́.

Àlàmú gba ọ̀dọ̀ Oyèkàn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ ní Broukro, ẹni tó ń tún fíríìjì ṣe. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni Oyèkàn, ó ti lé ní ogójì ọdún, kò sì tíì gbéyàwó, nítorí ojú máa ń tì í. Àlàmú bi í pé kí ni wọ́n lè gbé lọ tí inú ìyá Ògbómọ̀ṣọ́ á fi yọ́. Oyèkàn ronú. Ó ní òun máa ń rí i lọ́mọdé pé bí wọ́n bá gbé obì, orógbó, oyin, iyọ̀ àti iṣu rẹpẹtẹ wọlé, inú àwọn ìyá máa ń dùn. Àlàmú ní ọgbọ́n ńlá nìyẹn.

Ẹ máa rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ibo ni kó ti mọ̀? Nígbà tí òun fúnra rẹ̀ gbéyàwó, ìdí ọjà ló wà ní Bouaké. Àwọn ẹbí ló ṣe gbogbo rẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́, wọ́n sì fi Morẹ́nikẹ́ ránṣẹ́ sí i. Kò fojú kan ẹrù ìdána rí láyé rẹ̀.

Báyìí ni àwọn méjèèjì ṣe wọ agbádá, tí wọ́n di iṣu kún ẹ̀yìn ọkọ̀, tí wọ́n dé Languibonou, tí wọ́n sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ìyá àgbà kò béèrè nǹkan kan. Ó ka obì, ó tọ́ oyin wò, ó ránṣẹ́ pe àwọn ará ilé. Wọ́n ṣe àdúà. Àlàmú ń ṣe àmín kíkankíkan, ojú rẹ̀ ò kúrò lọ́rùn ìyá àgbà.

Nígbà tí àdúà parí, ìyá àgbà bọ́ òwú náà lọ́rùn.

"Ọkọ mi ló fi èyí kọ́ mi lọ́rùn lọ́jọ́ tí mo wọlé rẹ̀. Mo ti sọ pé ọjọ́ tí Shakirat bá rí ọkọ ni n óò bọ́ ọ. Ẹ wá gbà á, ẹ̀yin àna wa."

Àlàmú ti na ọwọ́ kí ọ̀rọ̀ "àna" tó wọ̀ ọ́ létí.

Shakirat dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó káwọ́ gbera. "Bon, ó dáa. Èwo ni ọkọ nínú yín?"

Ọwọ́ Àlàmú dúró lófuurufú. Ó rántí Morẹ́nikẹ́. Ó rántí ihò kẹta. Ó ro méjèèjì wò, ojú sì tì mí láti sọ pé ó pẹ́ díẹ̀ kí Morẹ́nikẹ́ tó borí. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ jẹ́wọ́ ni ó gbọ́ tí nǹkan dún gbì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Oyèkàn ló tún dọ̀bálẹ̀, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán an.

"Èmi ni," ló wí fún ilẹ̀.

Shakirat wò ó títí. "Èyí dáa. Èmi ló ń wò látìgbà tí mo ti yọjú. Tonton yìí, bọ̀ọ̀dá tó nawọ́ yìí, ò wo nǹkan kan àfi ọrùn Ìyá Àgbà."

Nígbà tí wọ́n ń padà bọ̀, ṣílè náà wà lọ́rùn Oyèkàn. Àlàmú ní kó sọ iye tó fẹ́ gbà lórí rẹ̀.

"Mi ò lè tà á, ẹ̀gbọ́n. Ọrùn ọmọ wa ni yóò wà."

"Iṣu mi ńkọ́?"

"Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. A ó máa rántí yín nínú àdúà."

Lóòótọ́, Oyèkàn ń lọ, ó ń bọ̀, títí Shakirat fi gbà, tí wọ́n so yìgì. Wọ́n ti bí ọmọbìnrin kan báyìí. Gbogbo Broukro ló ń yin Àlàmú pé ó fẹ́ràn ọmọ. Ọjọ́ ìsinmi kan kì í kọjá kó má wá, ohun kan sì máa ń wà lábíyá rẹ̀ nínú aṣọ. Morẹ́nikẹ́ nìkan ló mọ ohun tó jẹ́.

Tí ọmọ bá ti sùn lórí ẹní, Àlàmú á rọra ṣí àpótí náà, á sún un mọ́ ejìká ọmọ, á sì mú ṣílè ọrùn rẹ̀, tòun ti òwú, á fi sínú ihò kẹta. Ó pé. Inú rẹ̀ á dùn débi pé omi á máa yọ lójú rẹ̀. Kò ní wúkọ́, kò ní sín, á na ọwọ́ sí Shakirat pé kó má fọ abọ́.

Títí ọmọ á fi yíra padà.