Ẹ̀rọ Tí Ò Mọ Ẹ̀gbọ́n Mọ́

Ẹja ló ba òwúrọ̀ ọjọ́ yẹn jẹ́. Obìnrin kan gbé báàgì ẹja lé mi lẹ́sẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì láti Lugbe, omi ẹ̀ ń jò sínú bàtà mi, ó wá ń wò mí bíi pé ẹsẹ̀ mi ló ń yọ ẹja òun lẹ́nu. Báyẹn ni mo ṣe rùn wọ ṣọ́ọ̀bù wa ní Utako, níbi tá a ti ń tún kọ̀ǹpútà ṣe. Ọ̀gá mi, tí mò ń pè ní Ẹ̀gbọ́n, ò sí níbẹ̀. Ó wà lọ́sibítù ní Gwagwalada, kíndìnrín ń yọ ọ́ lẹ́nu. Iṣẹ́ tó ń bọ́ ọ ni kọ̀ǹpútà ńlá ilé iṣẹ́ kan láàárín ìlú, tó máa ń bójú tó láti ṣọ́ọ̀bù, lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Láràárọ̀ ni mo ń bá a wọlé síbẹ̀, kí wọ́n má baà fura pé àìsàn náà le.

Èmi tí mo sá kúrò ní póli kí póli tó lé mi! Òfin kan ló fún mi: tí ẹ̀rọ bá kọ̀, n ò gbọdọ̀ sọ pé kò ṣiṣẹ́. Kí n ka ohun tó kọ sójú kọ̀ǹpútà sókè, látòkè dé ìsàlẹ̀, bí ẹni ń ka Bíbélì ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ní èyí tó bá kọ̀ fún ẹ sàn ju èyí tó dákẹ́ lọ; ẹni tó lé ẹ lẹ́nu ọ̀nà, ó kúkú wà nílé. Ṣùgbọ́n ohun tí mi ò rí rí ló yọ lọ́jọ́ náà lójú fèrèsé dúdú tí mo fi ń wọ ẹ̀rọ náà. Mo pe Ẹ̀gbọ́n lórí fóònù. Ó fi orúkọ tó máa ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀ dá mi lóhùn:

"Púrọ́fẹ́sọ̀, kà á."

Mo kà á: àmì tá a fi ń dá ẹ̀rọ náà mọ̀ ti yí padà. Bóyá ẹni tó ń bójú tó o ló yí i, bóyá ẹ̀rọ mìíràn ló ń díbọ́n.

"Ẹni tó ń bójú tó o kẹ̀? Èmi nìyẹn. Ṣé mo kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì ni?" Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà di ikọ́.

Ó ti máa ń kìlọ̀ fún mi pé n ò gbọdọ̀ gba irú ẹ̀ wọlé. Lọ́jọ́ yẹn, ó ní, "Gbà á. Tẹ pásíwọ́ọ̀dù mi."

Access denied.

"Wo Caps Lock ẹ."

Òótọ́ ni, èmi àti bọ́tìnnì yẹn ti jà rí. Àmọ́ iná ẹ̀ ò tàn. Mo tún un tẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń ṣa òkúta kúrò nínú ìrẹsì. Access denied. Mò ń gbọ́ nọ́ọ̀sì lórí fóònù tó ń kí ẹnìkan nítòsí Ẹ̀gbọ́n, "Sànnu, Baba, sànnu." Èmi òmùgọ̀ ṣì ń sọ pé bóyá nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni.

Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, a ti gbé Ẹ̀gbọ́n lọ sin ní Kàbbà. Ẹ̀yìn ìsìnkú la gbọ́ pé àwọn ilé iṣẹ́ yẹn ti gba ẹlòmíì sí iṣẹ́ náà, ìyẹn sì ti gbé ẹ̀rọ tuntun síbẹ̀. Wọn ò rí ẹnu sọ ọ́ fún Ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀rọ ló bá wọn sọ ọ́, èmi ni mo sì kà á sí i létí. Ṣé o mọ̀, ó pẹ́ tí mo fi rò pé tí ìkìlọ̀ bá yọ lójú kọ̀ǹpútà, nǹkan ló bàjẹ́ nínú ẹ̀. Kò sí nǹkan tó bàjẹ́ nínú ẹ̀rọ yẹn o. Ẹ̀gbọ́n ti mọ̀ kí n tó mọ̀. Ohun tó sọ fún mi gbẹ̀yìn, kó tó pa fóònù, ni pé, "Ó ti tó báyẹn. O kà á dáadáa."