Orúkọ Tí Nọ́ọ̀sì Fi Pamọ́

Ọdún mẹ́tàdínlógún ni Màmá Létòlétò, bí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ń pè é, ti ń to ìwé ní ilé-ìkàwé ìjọba. Yàrá ẹ̀yìn ni tábìlì rẹ̀ wà, láàárín òkìtì ìwé àti ike gọ́ọ̀mù tí ẹnu rẹ̀ ti gan. Bí ìwé tuntun bá dé, òun ló ń kọ àkọlé àti orúkọ òǹkọ̀wé rẹ̀ sínú àtòjọ tí gbogbo ayé ń wò lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Orí íńtánẹ́ẹ̀tì náà ni ìlànà iṣẹ́ ọ̀hún wà, ojú ewé rẹ̀ pọ̀ bí eṣú.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, aago méjì ti kọjá dáadáa nígbà tí obìnrin kan tó wọ bàtà funfun ilé ìwòsàn wọlé. Kò jókòó.

"Ẹ káàsán, mà. Ìwé tó sọ ohun tí ojú àwọn aboyún ń rí ní wọ́ọ̀dù wa, èmi ni mo kọ ọ́. Orúkọ mìíràn ni mo fi sára rẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi tó wà ní káńtà yín ló ní ẹ ti kọ orúkọ mi gan-an sí i. Bí ọ̀gá wa bá rí i, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi nìyẹn, ọmọ mẹ́ta ni mo sì ń dá tọ́."

Òótọ́ ni. Inú lẹ́tà tó bá ìwé náà wá láti ilé ìtẹ̀wé ni Màmá ti rí orúkọ gidi, ó sì ti so méjèèjì pọ̀ láàárọ̀. Aago mẹ́rin ni àtòjọ ọjọ́ náà máa jáde. Bó bá ti jáde, àwọn ilé-ìkàwé mìíràn á dà á kọ, ẹyin ti fọ́. Ọ̀gá ilé-ìkàwé nìkan ló sì lè ṣí ohun tí wọ́n ti kọ sínú rẹ̀ padà kó tó jáde.

Ó lọ bá ọ̀gá.

"Òfin ò mojú ẹnikẹ́ni," ni ọ̀gá wí. "Ìlànà ní ká so wọ́n pọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń jẹ wá níyà torí àmì ìdánudúró kan, ẹ̀yin náà lẹ wá ń bẹ̀bẹ̀ lónìí?"

"Ẹ jẹ́ n wá ibi tó ti wí bẹ́ẹ̀ ná, sà."

"Ẹ wá a. Tó bá gbà wá láyè, màá yọ ọ́. Àmọ́ ẹ ṣe kíá o."

Íńtánẹ́ẹ̀tì ń fà bí ìgbín. Wọ́n ti tún ìlànà náà tò, nọ́ńbà àtijọ́ tó mọ̀ lórí kò sí mọ́. Ojú ewé kan ń tì í sí òmíràn. Nọ́ọ̀sì dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo aago tó so mọ́ àyà rẹ̀. Aago mẹ́rin ku ogún ìṣẹ́jú nígbà tí Màmá rí i: bí ẹnì kan bá ní orúkọ méjì, a lè so wọ́n pọ̀, a sì lè fi wọ́n sílẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí ilé-ìkàwé kọ̀ọ̀kan yan tirẹ̀.

Àpótí kékeré kan wà lábẹ́ rẹ̀ fún ìpinnu ilé-ìkàwé tirẹ̀. "Níbí, à ń so wọ́n pọ̀ nígbà gbogbo." Ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ ẹni tó kọ ọ́ tẹ̀ lé e, pẹ̀lú ọjọ́ kan ní ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn.

Orúkọ òun fúnra rẹ̀ ni.

"Kí ló sọ, mà?" ni nọ́ọ̀sì bi í.

Bí Màmá bá pa ọ̀rọ̀ inú àpótí náà rẹ́, kó ní òfìfo lòun bá, ta ni yóò mọ̀? Ìka rẹ̀ wà lórí bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń pa ọ̀rọ̀ rẹ́. Ó gbé e kúrò, ó tẹ ojú ewé náà jáde, ó gbé e tọ ọ̀gá lọ.

"Ìlànà gbà wá láyè, sà. Èmi ni mo tilẹ̀kùn ẹ̀. Àwọn tó ń wá ìwé ni mo rò nígbà náà. Mi ò ro ẹni tó ń sá pamọ́."

Ọ̀gá wo ìwé, ó wo ojú rẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín. "Àṣé pàṣán yín ni mo gbà nà yín! Ẹ kọ tuntun, mo máa fọwọ́ sí i."

Ó kọ ọ́: bí òǹkọ̀wé bá fi orúkọ rẹ̀ pamọ́, a ò ní so ó mọ́ òmíràn láìgbọ́ tẹnu rẹ̀. Ìka kan ṣoṣo ni ọ̀gá fi ń tẹ ọ̀rọ̀ ìwọlé rẹ̀. Ó ṣì í tẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú mẹ́ta ni orúkọ náà kúrò.

Ìgbà náà ni nọ́ọ̀sì ṣẹ̀ṣẹ̀ jókòó.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Màmá Létòlétò wá iye ènìyàn tí òun ti so orúkọ wọn pọ̀ láti ọdún mọ́kànlá. Mọ́kànlélógójì ni wọ́n, bóyá ni wọ́n sì ní ọ̀rẹ́ ní káńtà. Ó fa bébà kan yọ, ó bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà sí ẹni àkọ́kọ́.