Ọjọ́ Tí A Jókòó sí Ẹnu Ọ̀nà Gbọ̀ngàn

Ọdún tí àrùn kòrónà rọlẹ̀, tí ẹgbẹ́ àwa oníṣẹ́ ọnà ní Ìlá tún lè pe èrò wá wo iṣẹ́ wa, ni ohun tí mo fẹ́ sọ fún ẹ̀yin ọ̀dọ́ yìí ṣẹlẹ̀.

Agbẹ́gilére ni mí. Àrùn rọmọlápárọmọlẹ́sẹ̀ mú ẹsẹ̀ òsì mi ní kékeré. Èmi àti Dọ̀tun, ará Ọ̀rà, la jọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá kan náà.

Nígbà tí mo dé gbọ̀ngàn tí a ti ń pàtẹ iṣẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà, ère Dọ̀tun wà láàárín gbọ̀ngàn. Tèmi wà lórí tábìlì kan níta, pẹ̀lú aṣọ òfì ìyá kan tó jẹ́ adití. Wọ́n kọ ọ́ sára pátákó pé: "Iṣẹ́ Ọwọ́ Àwọn Àkàndá Ẹ̀dá." Irú igi tí Dọ̀tun lò ni àwọn èrò ń bi í. Èmi, ẹsẹ̀ ni wọ́n ń bi mí. Obìnrin kan wo ère mi fìrí, ère ìyá ọlọ́mọ tí mo fi oṣù mẹ́ta gbẹ́, ó ní, "Ọlọ́run á wò yín sàn." Owú Dọ̀tun ta mí lára bí ata.

Mo ṣẹ́wọ́ sí ìyá aláṣọ òfì. A wọ́ àga dí ẹnu ọ̀nà, a jókòó. Alága ẹgbẹ́ bá mi níbẹ̀.

"Káyọ̀dé, oore la ṣe fún ọ. Gbogbo èèyàn ló ń rí ọ níbí."

"Ẹ̀yin àgbà lẹ sọ pé ibi tí a bá pè lórí, a kì í fi í tẹlẹ̀," mo dá wọn lóhùn. "Ẹ gbé iṣẹ́ wa wọlé, sà. Bó bá burú, ẹ bú u."

Dọ̀tun gbọ́. Ó gbé ère tirẹ̀ jáde, ó jókòó tì mí. Ó yẹ kínú mi dùn, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni oníròyìn rédíò kan sáré lọ.

"Kí ló mú yín ṣàánú wọn báyìí?"

"Mi ò ṣàánú ẹnì kankan," ni Dọ̀tun wí. "Ẹni tí a jọ ń figagbága ló wà níta."

Mo tún jowú ìdáhùn yẹn.

Kí oòrùn tó rọ̀, alága fúnra wọn yọ pátákó náà, wọ́n kó iṣẹ́ wa wọlé. Agbẹ́gilére àgbà kan láti Irèsì dúró níwájú tèmi. "Etí ère yìí nípọn jù," ni wọ́n wí. "O kánjú." Wọ́n bọ́ sídìí ti Dọ̀tun, wọ́n pẹ́ níbẹ̀, wọ́n ń fọwọ́ pa á lára.

A ò rí pátákó náà mọ́ láti ọjọ́ yẹn. Ṣùgbọ́n ìyá aláṣọ òfì kò bá wa kó iṣẹ́ wá mọ́. Ó fọwọ́ ṣàlàyé fún mi pé ìjà sú òun. Ẹgbẹ́ kò sì tíì fi ẹnikẹ́ni nínú àwa àkàndá ẹ̀dá sínú ìgbìmọ̀ tó ń ṣa iṣẹ́. Èmi náà kò tíì dúpẹ́ lọ́wọ́ Dọ̀tun. Lọ́dọọdún, ère rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ ń lọ wò; tirẹ̀ ṣì ń dáa ju tèmi lọ, ó sì ń dùn mí dọ́kàn. Ṣùgbọ́n owú agbẹ́gilére sí agbẹ́gilére ni. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbà á lọ́wọ́ mi.