Aró Ìyá Mi Dé Iléṣà

Ẹni tó bá ń tajà lórí ẹ̀rọ ayélujára, kó ti mọ̀ pé ọjà òun ń lọ, ó sì tún ń bọ̀. Èyí tó ń bọ̀ yẹn ló ń fa orí fífọ́. Mo ti ta bẹ́díṣíìtì fún obìnrin kan tó dá a padà lẹ́yìn tí àlejò rẹ̀ lọ tán, ó ní àwọ̀ rẹ̀ kò bá ògiri ilé òun mu. Ọkùnrin kan dá bùbá padà pẹ̀lú ọbẹ̀ ata láyà, ó ní bó ṣe wà nínú ọ̀rá nìyẹn. Mo bi í pé ṣé ọbẹ̀ ni mo fi ń lọ aṣọ ni. Ìràwọ̀ kan ló fi dá mi lóhùn.

Ìràwọ̀ ni wọ́n fi ń díwọ̀n àwa tó ń tajà níbẹ̀. Márùn-ún ló pé. Bó bá ti ń dín, bẹ́ẹ̀ ni oníbàárà á máa gba ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀bù rẹ kọjá, bí ẹni tó rí ajá tó ń gbó. Àwọn tó ni ìkànnì náà kì í sì í bá èèyàn jà. Wọ́n á kàn máa kọ̀wé pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé àwọn gbọ́ ẹ̀dùn ọkàn rẹ, wọ́n á wá ṣe ohun tí oníbàárà fẹ́.

Òṣìṣẹ́ ìjọba ni mí ní Òṣogbo. Nígbà tí mi ò bá sí lẹ́nu iṣẹ́, bẹ́díṣíìtì àti bùbá ni mò ń tà, pẹ̀lú àdìrẹ. Ìyá mi ló ń ṣe é. Ilé aláró ni wọ́n bí wọn sí, ilé aláró náà ni wọ́n fẹ́ wọn sí. Àdìrẹ ẹlẹ́kọ ni tiwọn: wọ́n á fi láfún ro ẹ̀kọ, wọ́n á fi ìyẹ́ adìẹ kọ ọnà sára aṣọ funfun, tó bá gbẹ, wọ́n á máa rẹ ẹ́ sínú aró títí yóò fi dúdú. Ibi tí ẹ̀kọ bá wà, aró kò ní í mú un dáadáa, ibẹ̀ ni ọnà ti ń jáde. Iṣẹ́ sùúrù ni. Èmi tí mo jẹ́ ọmọ wọn kò ní irú sùúrù bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní kí n máa tà á, kí n má fọwọ́ kan ẹ̀kọ wọn.

Aṣọ kan wà tí wọ́n ṣe lásìkò òjò tó kọjá. Òjò kò jẹ́ kó tètè gbẹ, ìyá mi náà kò sì gbà kí n kán wọn lójú. Nígbà tó parí, àwọn fúnra wọn jókòó, wọ́n ń wò ó, wọ́n ní, “Alihamudulilai, èyí gbọ́ràn sí mi lẹ́nu.” Mo ya fọ́tò rẹ̀, mo gbé e sórí ìkànnì. Obìnrin kan ní Iléṣà ló rà á.

Kò pẹ́ tó gbà á ló ní òun ń dá a padà. Nígbà tí mo tú ọ̀rá náà, aṣọ mìíràn ló wà níbẹ̀: àdìrẹ onílé iṣẹ́, tí ẹ̀rọ tẹ ọnà sí lójú kan, tí ẹ̀yìn rẹ̀ funfun báláú. Ó ń rùn bíi páálí. Obìnrin náà kọ ọ́ sábẹ́ ọjà mi, níbi tí gbogbo ayé ti lè kà á: “Wọ́n tàn mí jẹ. Ẹ̀rọ ló tẹ aṣọ yìí. Kò sí iṣẹ́ ọwọ́ kankan níbẹ̀.”

Mo ya fọ́tò aṣọ ẹ̀rọ náà, mo fi í pẹ̀lú fọ́tò ti ìyá mi ránṣẹ́ sí àwọn oníkànnì. Wọ́n kọ̀wé padà pé àwọn ti fara balẹ̀ wò ó, pé àwọn kò rí ìyàtọ̀ kankan, pé mo kú ìfaradà. Wọ́n ti dá owó obìnrin náà padà fún un.

Ìyá mi ní kí n ka gbogbo rẹ̀ sí àwọn létí, látorí èyí tí obìnrin náà kọ dé orí èyí tí àwọn oníkànnì kọ. Mo rò pé wọ́n á ṣépè, torí wọ́n mọ èpè í ṣẹ́. Wọn kò ṣépè. Wọ́n na aṣọ ẹ̀rọ náà sórí itan, wọ́n fọwọ́ pa á.

“Wọ́n wo èyí, wọ́n wo tèmi,” ni wọ́n sọ, “wọ́n ò rí ìyàtọ̀?”

“Màámi, àwọn ọmọ tó ń jókòó sí ọ́fíìsì nìyẹn. Kí ni wọ́n mọ̀?”

“Àwọn náà kọ́ ló ń ra aṣọ ni? Bí aráyé ò bá mọ ìyàtọ̀ mọ́, ta ni mò ń rẹ aṣọ fún?”

Wọ́n lọ dé ìkòkò aró wọn, wọn kò sì ṣí i fún ọjọ́ mélòó kan. Ẹni tó bá mọ aró á mọ ohun tí mò ń sọ: bíi ẹran ọ̀sìn ni, tí a kò bá tọ́jú rẹ̀, kíkú ló ń kú. Mo bẹ̀ wọ́n títí. Wọ́n ní kí n lọ máa ta bẹ́díṣíìtì mi. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju ti ìràwọ̀ lọ.

Ìyá ọkọ mi ní Iléṣà ni mo lọ sunkún fún lórí fóònù. Ọmọ Òṣómàálò ni wọ́n. Láyé àtijọ́, àwọn Ìjẹ̀ṣà tó ń kiri aṣọ láwìn láti ìlú dé ìlú là ń pè bẹ́ẹ̀. Bí onígbèsè bá ń fi òní dónìí, fọ̀la dọ́la, Òṣómàálò á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, á ní orí ìlóṣòó lòun máa wà títí tí òun á fi gba owó òun. Ọkọ mi kò jogún ẹyọ kan nínú rẹ̀. Bí kọndọ́kítọ̀ bá jẹ ẹ́ ní ṣéńjì, á ní kó máa mú un lọ. Ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ dúró sí.

“Ṣé o mọ ulé ẹ̀?” ni wọ́n bi mí.

Mo ní mo mọ̀ ọ́n, pé àdírẹ́sì rẹ̀ wà lára ọ̀rá ọjà náà.

“Máa bọ̀ ní Sátidé. Mú aṣọ ẹ̀tàn ọ̀hún dání.” Ẹ̀yin ará Iléṣà, tí mo bá ṣi ọ̀rọ̀ wọn kọ, ẹ má bínú, ará Òṣogbo ni mí.

Ní Sátidé, wọ́n gbé àpótí ìjókòó kan dání. Mo ní mo rò pé òṣòó ni wọ́n ń ló. Wọ́n ní orúnkún bàbá àwọn yàtọ̀ sí orúnkún àwọn.

Ilé náà dáa, wọ́n kùn ún ní àwọ̀ kíríìmù. A kanlẹ̀kùn. Ohùn obìnrin kan dáhùn láti inú ilé pé ìyálé ilé kò sí nílé.

“Kò burú,” ni ìyá ọkọ mi sọ. “Tó bá dé, sọ fún un pé aṣọ wa la wá gbà. A wà níta níbí.” Wọ́n gbé àpótí kalẹ̀, wọ́n jókòó.

Mo rò pé a máa pariwo. Ìyá ọkọ mi kò gbóhùn sókè rárá. Kíkí ni wọ́n ń kí àwọn èèyàn. Gbogbo ẹni tó bá kọjá ni wọ́n ń kí, wọ́n á bi wọ́n léèrè ilé àti ọ̀nà, wọ́n á sì yin ilé tí a jókòó sí.

“Ulé yìí mà dáa o. Obìnrin tó ni ulé yìí ló ń bá wa tọ́jú aṣọ.”

Àwọn ará àdúgbò á ní, “Ẹ kú ìjókòó, màmá. Aṣọ wo nìyẹn?”

“Àdìrẹ ni. Tó bá dé, á kó o fún wa.”

Kọ́tìnì ojú fèrèsé ń mì. Ojú ń tì mí débi pé mo tẹjú mọ́ fóònù mi bí ẹni tó ń ka ìròyìn. Èmi ọmọ Òṣogbo, àtàǹpàkò ni mo máa ń fi jà.

Nígbà tí oòrùn le, ìyá ọkọ mi ní ká sún mọ́ ẹ̀gbẹ́ ilé níbi tí ibòòji wà. Ibẹ̀ ni okùn aṣọ wà. Mo wo orí okùn náà, mo tún un wò. Agbádá ọkùnrin kan wà níbẹ̀, síńgílẹ́ẹ̀tì, ìbora ìrọ̀rí, pẹ̀lú aṣọ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹni tó bá wo ọrùn àti etí wọn á mọ̀ pé funfun ni wọ́n tẹ́lẹ̀. Wọ́n ti di búlúù, ibòmíràn fẹ́ẹ́rẹ́, ibòmíràn pátápátá, bí ojú ọ̀run tó fẹ́ rọ̀jò. Ara wọn ò tíì gbẹ.

Gbogbo ẹni tó bá ra àdìrẹ lọ́wọ́ mi ni mo máa ń pè, kí n sọ fún un pé kó dá a fọ̀ lọ́tọ̀, kó sì fi iyọ̀ sí omi àkọ́kọ́, torí aró tuntun a máa yọ. Mo pe obìnrin yìí títí, kò gbé e. Ẹni tó ti pinnu láti jí aṣọ, kò jọ pé yóò gbé ìpè ẹni tó ni ín.

Ìyá ọkọ mi wo okùn náà dáadáa. Wọ́n wá yíjú sí fèrèsé, wọ́n fi ohùn jẹ́jẹ́ béèrè pé, “Ọmọ mi, ṣé ẹ̀rọ a máa yọ aró?”

A gbọ́ ẹ̀rín nínú ilé, irú ẹ̀rín tí èèyàn kò fẹ́ rín. Ilẹ̀kùn ṣí. Ìyálé ilé tí kò sí nílé ló jáde, ó kúnlẹ̀, aṣọ ìyá mi wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti rán an sí ìró àti bùbá.

“Ẹ má bínú, mà. Mo rò pé orí fóònù nìkan lẹ wà ni.”

“Orí fóònù?” ni ìyá ọkọ mi dáhùn. “Èmi tí orúnkún ń dùn?”

Obìnrin náà ní òun ti ra ti ẹ̀rọ sílẹ̀ tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí tìyá mi dé, òun kò lè fi í sílẹ̀. Ó fi owó aṣọ náà ránṣẹ́ lójú wa. Ìyá ọkọ mi kò dìde. Wọ́n ní kó mú fóònù, kó pa ohun tó kọ rẹ́, wọ́n sì ń sọ èyí tó máa kọ fún un: “Kọ ọ́ pé uṣẹ́ ọwọ́ ni. Kọ ọ́ pé o purọ́.” Ó bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kóun kọ ọ́ pé àṣìṣe ni. Wọ́n rò ó, wọ́n gbà fún un. Kí a tó lọ, ó fi ohùn kékeré bi mí bí aró ṣe ń kúrò lára agbádá, torí ọkọ òun ń ti oko Ifẹ̀wàrà bọ̀ lọ́la.

Mo dé Òṣogbo ní ìrọ̀lẹ́. Ìyá mi wà lẹ́yìnkùlé, wọn kò ṣe nǹkan kan. Mo ròyìn gbogbo rẹ̀ fún wọn. Mo rò pé agbádá ló máa pa wọ́n lẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ibòmíràn ni wọ́n dá mi dúró sí.

“Dúró ná. Aṣọ méjèèjì wà níwájú rẹ̀?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Màámi.”

“Èwo ló dá padà?”

“Ti ẹ̀rọ.”

“Èwo ló mú?”

“Tiyín ni.”

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín.

“Wàláhì, olè yẹn mọ ìyàtọ̀,” ni wọ́n wí. Wọ́n dìde. “Bá mi pọnmi wá, kí aró yìí má baà kú.”