Ohun Tí Ọlọ́wọ́-òsì Fi Pamọ́

Nígbà tí obìnrin yìí wà ní kékeré, kò sí ohun tí ìyá rẹ̀ ò ṣe tán kó lè fi ọwọ́ òsì sílẹ̀. Ó gbá a lọ́wọ́ títí, ó fi ìbọ̀sẹ̀ dì í, ó ní, "A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni. Ìwọ wá fẹ́ fi tìẹ júwe gbogbo ayé ni?" Ọmọ á rẹ́rìn-ín, á tún fi òsì gba ṣíbí. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni nígbà tí olùkọ́ eré ìdárayá ilé ìwé wọn ta nẹ́ẹ̀tì sáàárín gbọ̀ngàn, tó gbé rákẹ́ẹ̀tì lé e lọ́wọ́, tó sì rí i pé apá ibi tí ẹnikẹ́ni ò fọkàn sí ni ọmọ yìí ti ń gbá bọ́ọ̀lù oníyẹ́ náà bọ̀. Láti ọjọ́ yẹn, orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ di ohun tí wọ́n ń kọ sínú fọ́ọ̀mù lásán. Ọlọ́wọ́-òsì ni tọmọdé tàgbà ń pè é.

Bádímíntìn ẹlẹ́ni-méjì ló sọ di iṣẹ́. Iwájú, lẹ́bàá nẹ́ẹ̀tì, ni ipò tirẹ̀. Ẹni tó ń dúró lẹ́yìn rẹ̀ ni Òpó, ọmọbìnrin gíga kan tó fi oṣù mẹ́ta péré jù ú lọ, tó máa ń fò sókè tí yóò sì la bọ́ọ̀lù mọ́lẹ̀ bí ẹni ń la igi ìdáná. Ọdún mẹ́sàn-án ni wọ́n fi gbá a pọ̀. Yàrá kan náà ni wọ́n ń sùn ní ilé ìtura, aṣọ ìnura kan náà ni wọ́n jọ ń lò. Òpó a máa hanrun bí ẹ̀rọ ìlọta, Ọlọ́wọ́-òsì a sì máa sọ ìrọ̀rí lù ú. Ife-ẹ̀yẹ mẹ́rin ni wọ́n jọ gbà.

Àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ni nǹkan yíwọ́. Ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin tó ń bá wọn dánra wò la bọ́ọ̀lù kan nítòsí nẹ́ẹ̀tì. Kí Ọlọ́wọ́-òsì tó gbé rákẹ́ẹ̀tì sókè, bọ́ọ̀lù ti bà á ní ojú òsì. Wọ́n fi yìnyín sí i. Ojú wú, ó dúdú, wíwú náà sì padà lọ sílẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì ó dé pápá, ó ń dá àpárá pé wọ́n lé tìróò fún òun lọ́fẹ̀ẹ́.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí kò sọ. Nísàlẹ̀, lápá òsì, òjìji kan fara mọ́ ojú rẹ̀ tí kò lọ mọ́. Bọ́ọ̀lù á wọ ibẹ̀, á pòórá. Ìgbà tó bá fi máa jáde, ẹ̀pa ò bóró mọ́. Ó dá lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú kan lódìkejì ìlú, níbi tí wọn ò ti mọ̀ ọ́n. Bàbá náà tan iná sí i lójú títí.

"Awọ tó wà lẹ́yìn ẹyinjú yín ti ya," ni dókítà wí. "A lè lẹ̀ ẹ́ kó má ya jù bẹ́ẹ̀ lọ, àmọ́ èyí tó lọ ti lọ nìyẹn. Iṣẹ́ wo lẹ ń ṣe?"

"Akọ̀wé ọ́fíìsì ni mí, sà."

"Ẹ dúpẹ́. Ká ní eléré ìdárayá ni yín ni, ǹ bá ní kẹ́ ẹ tètè lọ wá iṣẹ́ mìíràn."

Ó gba ìtọ́jú náà, ó sì sọ fún kóòṣì pé ìbátan òun kan ló ṣaláìsí. Oṣù mẹ́sàn-án ló kù kí wọ́n yan àwọn tó máa lọ sí ìdíje àgbáyé. Bó bá la ẹnu, ó mọ̀ pé láàárín ọ̀sẹ̀ kan wọ́n á ti wá ẹlòmíì síwájú Òpó. Ó pa ẹnu mọ́. Ó kọ́ bí a ṣe ń yí ọrùn kí ojú ọ̀tún lè ṣe iṣẹ́ ojú méjì.

Ohun tó yà á lẹ́nu ni pé wọ́n ń borí. Bọ́ọ̀lù tó bá já sínú òjìji yẹn, Òpó á ti wà ńbẹ̀. Ọlọ́wọ́-òsì gbà pé ọgbọ́n òun ló ń jẹ́. Òpó bẹ̀rẹ̀ sí í di báńdéèjì mọ́ orúnkún, ó ń fẹ̀gbẹ́ sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn.

"Kí ló ń ṣe ẹsẹ̀ rẹ?"

"Àgbà ló ń dé," ni Òpó wí, ó sì rẹ́rìn-ín.

Oṣù kẹjọ lẹ́yìn ìpalára yẹn ni wọ́n dé ìpele tó kángun sí àṣekágbá nínú ìdíje tí wọ́n máa fi yan èèyàn. Ìpín kẹta, mọ́kàndínlógún sí méjìdínlógún. Àwọn alátakò wọn rọra sọ bọ́ọ̀lù sí apá òsì. Ọlọ́wọ́-òsì ò rí i. Ìró bàtà ló gbọ́ tó ń sáré bọ̀ látẹ̀yìn, lẹ́yìn náà ló gbọ́ "páù!" bí igi gbígbẹ tó dá. Nígbà tó wẹ̀yìn, Òpó wà nílẹ̀, ó di orúnkún mú. Bọ́ọ̀lù ti kọjá nẹ́ẹ̀tì. Òun àti Òpó ló ni àmì yẹn. Wọn ò gbá òmíràn lẹ́yìn rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, Ọlọ́wọ́-òsì jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn ní ilé ìwòsàn.

"Iṣan méjì ló já," ni Òpó wí.

"Òpó, ohun kan wà tí mo fẹ́ sọ fún ẹ."

"Ojú rẹ ni."

"Láti ìgbà wo lo ti mọ̀?"

"Láti oṣù kejì lẹ́yìn tí bọ́ọ̀lù bà ẹ́. O ń gbé ife tíì kalẹ̀ sórí afẹ́fẹ́, o ń yí ọrùn kiri bí adìyẹ. Ta ni ò ní mọ̀?"

"Kí ló dé tó ò bi mí?"

"Mò ń retí pé wàá sọ ọ́. Lójoojúmọ́ ni mò ń retí rẹ̀." Òpó kọjú sí ògiri. "Èmi náà fẹ́ lọ sí ìdíje yẹn, má wulẹ̀ pè mí lẹ́ni mímọ́. Mo rò pé ẹsẹ̀ mi á gbé e."

"Jọ̀ọ́, dárí jì mí."

"Máa lọ sílé."

Kò ju ọjọ́ mẹ́ta lọ tí kóòṣì fi ránṣẹ́ pe Ọlọ́wọ́-òsì. Ó na ìka síta láti fèrèsé ọ́fíìsì, síbi tí ọmọbìnrin kan, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, ti ń fo okùn. "Ẹsẹ̀ rẹ̀ yá bí iná. Àǹfààní kan ṣì kù fún wa, ìdíje kan ṣì wà kí wọ́n tó yan èèyàn. Ọ̀la lẹ̀yin méjèèjì máa bẹ̀rẹ̀."

Ọlọ́wọ́-òsì wo ọmọ náà. Kò wo ojú rẹ̀; orúnkún rẹ̀ ló ń wò, bó ṣe ń tẹ̀ tó ń nà láìní àpá kankan. Ẹnu rẹ̀ là fúnra rẹ̀. Ó sọ ti bọ́ọ̀lù, ó sọ ti dókítà, ó sọ ti ìbátan tí kò kú.

"Oṣù mẹ́jọ?" ni kóòṣì wí. "Oṣù mẹ́jọ ni mo fi ń rán ẹ wọ pápá pẹ̀lú ojú kan?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Fi kọ́kọ́rọ́ àpótí rẹ sílẹ̀ lórí tábìlì. Jáde."

Bó ṣe parí nìyẹn. Ìyá rẹ̀ gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán, ó mí kanlẹ̀. "Ọmọ mi, ọ̀rọ̀ yìí ì bá ti jáde nígbà tó ṣì wà ní ríro, kó tó di egbò."

Ibi tí wọ́n ti ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ló ti ríṣẹ́. Lọ́jọ́ Sátidé, ó ń lọ sílé Òpó. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni ẹ̀gbọ́n Òpó fi ń dá a padà lẹ́nu ọ̀nà pé, "Ó ń sùn." Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, Òpó fúnra rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn lórí ọ̀pá ìtìlẹ́yìn. "Ṣé o mọ̀ ọ́n kà dé ogún? Wọlé, wá bá mi kà á." Ó ń gbé ẹsẹ̀ sókè, Ọlọ́wọ́-òsì ń kà á. Wọn ò mẹ́nu ba ohunkóhun.

Ọdún kan kọjá. Òpó gbìyànjú pápá lẹ́ẹ̀mejì, orúnkún wú lẹ́ẹ̀mejì, ó bá gba iṣẹ́ kíkọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé. Ọlọ́wọ́-òsì ò yé lọ. Lọ́sàn-án Sátidé kan, bí ó ti ń ka ẹẹ́tàlá, Òpó gbé ẹsẹ̀ kalẹ̀.

"Bọ́ọ̀lù tó kẹ́yìn yẹn. Ṣé o rí i?"

"Mi ò rí i rárá. Bàtà rẹ ni mo gbọ́."

"Ó dáa." Òpó fa ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ sókè pẹ̀lẹ́. "Mo ti ń rò ó látọjọ́ yìí pé o rí i, o kàn fi sílẹ̀ fún mi ni."

Òpó tún gbé ẹsẹ̀ sókè. Ọlọ́wọ́-òsì tún bẹ̀rẹ̀ sí í kà, láti ẹẹ́rìnlá.