Ìrọ̀lẹ́ Tí Mi Ò Gbọdọ̀ Kán Nǹkan Kan Sójú

Ẹ ò ní gbà mí gbọ́, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó le jù lọ tí mo ṣe ní gbogbo ọdún tí mo fi jẹ́ tíṣà n'Ìjẹ̀bú-Òde kì í ṣe iṣẹ́ tíṣà rárá. Iṣẹ́ náà ni pé kí n jókòó sílé, kí n má fi ohunkóhun sí ojú tó ń dùn mí. Ẹni tó bá rò pé ìyẹn rọrùn kò tíì ní ìyá, kò sì tíì ní ará àdúgbò.

Àárín àwọn ọdún 1980 ni. Imọ̀ ọ̀pẹ ló ta mí lójú lóko àna mi ní Ibefun. Nígbà tí ojú náà pọ́n, gbogbo ayé pè é ní Àpólò, àrùn ojú tó ń ràn. Àwọn tíṣà ẹgbẹ́ mi sún àga wọn kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ọ̀kan tiẹ̀ ń kọjú sí ògiri bá mi sọ̀rọ̀. "Má wò mí o," ló ń wí, "owó oṣù ni mo wá gbà níbí, mi ò wá gba Àpólò." Mo ra oògùn ojú ní kẹ́mísì, mo ń kán an láàárọ̀, mo ń kán an lálẹ́. Kàkà kó sàn, àmì funfun kan yọ lórí dúdú ẹyinjú mi. Bí mo bá di ojú kejì, mi ò rí ohun tí èmi fúnra mi kọ sójú pátákó mọ́.

Mo lọ sílé ìwòsàn. Dókítà tanná wò ó, kò rẹ́rìn-ín. Ó ní egbò ni, pé tí a ò bá tètè mọ ohun tó ń jẹ ẹ́, ojú náà lè fọ́. Ó ní kí n lọ bá obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ ní láàbù, níbi tí wọ́n ti ń yẹ àìsàn wò.

Ẹnu obìnrin náà mú ju tèmi lọ. "Tíṣà, kí lẹ kán síbẹ̀ láàárọ̀ yìí?"

Mo ní oògùn kẹ́mísì.

"Ẹ ti lé olè wọgbó, ẹ wá ní kí n mú un. Oògùn yẹn ò pa kòkòrò náà, ó kàn lè fi í pamọ́ fún mi ni. Ẹ lọ sílé. Títí dàárọ̀ ọ̀la, nǹkan kan ò gbọdọ̀ kan ojú yìí, omi ẹ̀rọ pàápàá."

Kí n tó délé, ìròyìn ti ṣáájú mi. Ẹnì kan gbé omi ṣúgà wá, ẹlòmíì fún ewé sínú ife. Mò ń dúpẹ́, mo ń fọwọ́ bojú. Ojú ọ̀hún sì ń ta mí bí ata.

Nírọ̀lẹ́ ni ìyá mi dé láti Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀. Kò dá wá. Ó mú ìyàwó àbúrò mi dání, tòun ti ìkókó tó ń tọ́ lọ́wọ́.

"Dùbúlẹ̀," ni ìyá mi wí, "kó fún omi ọmú sí i fún ọ."

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, wọ́n ní mi ò gbọdọ̀ fi nǹkan kan sí i."

"Àwọn wo ni wọ́n? Omi ọmú ni mo fi wo ojú yìí kó tó di ojú tíṣà."

"Ẹ wo bí ọmọ yẹn ṣe ń wò mí, Màmá. Ó ti mọ̀ pé oúnjẹ òun ni mo fẹ́ gbà."

Ìyàwó àbúrò mi bú sẹ́rìn-ín. Ìyá mi ò rín. "Tí ojú yìí bá wá fọ́ ńkọ́?" Mo fi ẹ̀fẹ̀ sílẹ̀.

Ìyàwó mi ló kúnlẹ̀ tì í. Ó ṣàlàyé pé wọ́n fẹ́ mú ohun tó ń jẹ ojú náà lọ́la ni, pé tí a bá da nǹkan mìíì bò ó, wọ́n lè má rí i. Ìyá mi dìde. "Ẹni tó dẹ pańpẹ́ kì í jó yí i ká," ló wí. Ó gbé àga sẹ́nu ọ̀nà yàrá mi, ó jókòó. Láti ìgbà náà, òun ló ń dá àwọn olóògùn padà: "Ẹ ṣeun, ẹ máa lọ. Wọ́n ń dọdẹ níbí."

Mo ti rí oore lọ́wọ́ èèyàn láyé yìí. Ṣùgbọ́n mi ò tíì rí èyí tó tó ti ìyá tó gbà láti má ṣe ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, obìnrin láàbù kán oògùn tí kò ní jẹ́ kí n mọ ìrora sí ojú náà, ó fi abẹ kékeré fá díẹ̀ lára egbò rẹ̀. Ó pa díẹ̀ sórí àwo oúnjẹ kan tí wọ́n fi ẹ̀jẹ̀ sè fún kòkòrò, kó lè jẹ, kó pọ̀, kí wọ́n lè dá a mọ̀ dáadáa.

"Ìjẹ̀bú táyé ń pè láhun," mo ní, "ẹ wá ń se oúnjẹ fún kòkòrò."

"Ẹ panu mọ́, tíṣà, kí ọwọ́ mi má gbọ̀n."

Ó tẹ́ ìyókù sórí gíláàsì pẹlẹbẹ, ó kán kẹ́míkà kan sí i tó ń yọ́ ẹran ara kúrò kí kòkòrò lè hàn, ó sì tẹjú mọ́ maikirosikóòpù. Ó sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan fún mi. "Ẹ wá wò ó."

Mo fi ojú tó dá wò ó. Fọ́nrán tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́ ni mo rí, wọ́n yẹ̀ka bíi gbòǹgbò, irú ohun tó ń hù lára búrẹ́dì tó ti bu.

"Ó jọ pé imọ̀ ọ̀pẹ ló gbé e síbẹ̀," ló wí. "Oògùn tẹ́ ẹ ń kán ò ràn án. Tiẹ̀ wà lọ́tọ̀."

Ìyá mi, tó tẹ̀ lé wa wá, bi í bóyá ojú náà á fọ́.

"Ẹ mú un wá lásìkò, Màmá. Kò ní fọ́."

Nígbà tí dókítà fún wa ní ìgò oògùn tuntun, ìyá mi gbà á kí ìyàwó mi tó nawọ́. Òun ló kán ẹ̀kán àkọ́kọ́ sí i. Ó ta mí bí iná. Mo ní, "Màmá, ẹ ṣeun."