Nọ́ńbà tí Tísà Evaristo ní kò ṣeé pín

Gbogbo ìlú Gibara ló mọ̀ pé olóòótọ́ ni Tísà Evaristo, àmọ́ agídí rẹ̀, ọ̀tọ̀ ni tìyẹn! Ìṣirò ló ń kọ́ wọn nílé ìwé etí òkun. Nígbà tí Odalis, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, wà ní kékeré, Tísà ṣe nọ́ńbà kan fún un. Ó fi méjì, mẹ́ta, márùn-ún, méje, mọ́kànlá àti mẹ́tàlá lọ́po ara wọn, ó wá fi ẹyọ kan lé e. Ẹgbàá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ó lé mọ́kànlélọ́gbọ̀n.

"Kò sí nọ́ńbà tó lè pín in dọ́gba, ọmọ mi. Èmi àtìẹ náà nìyẹn."

Nígbà tí Odalis pé mẹ́rìnlá, tó bọ́ sí kíláàsì bàbá rẹ̀, ó nawọ́ sókè.

"Bàbá, mọ́kàndínlọ́gọ́ta pín in. Kò ṣẹ́ ku nǹkan kan."

Ni kíláàsì bá bú sẹ́rìn-ín. Tísà ò tilẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò.

"Tísà ni mò ń jẹ́ níbí! Jókòó, olódo!"

Ẹyin mà lọ̀rọ̀ o. Odalis ò padà sílé ìwé mọ́, iṣẹ́ edé bíbó ló lọ ń ṣe. Fún ogún ọdún, tí wọ́n bá pàdé lọ́nà, "Ẹ káàárọ̀, Tísà" ló máa ń sọ. Bàbá yìí ń wá ẹni tí yóò pè é ní "Bàbá" lẹ́ẹ̀kan sí i, ṣùgbọ́n agídí ò jẹ́ kó bẹ ọmọ.

Ibà ọjọ́ mẹ́rin ló pa Odalis. Níbi tí wọ́n ti ń wá fọ́tò tí wọn yóò gbé sórí pósí, wọ́n rí ìwé ìṣirò rẹ̀ àtijọ́, nọ́ńbà yẹn sì wà nínú rẹ̀. Tísà mú pẹ́ńsù. Ó fi mẹ́tàléláàádọ́ta pín in, ó ṣẹ́ ku mẹ́tàlélọ́gbọ̀n. Ó fi mọ́kàndínlọ́gọ́ta pín in, kò ṣẹ́ ku nǹkan kan.

"Yéè! Mo gbé!" Ó dìde síwájú àwọn tó jókòó ti òkú, tí wọ́n ń mu kọfí. "Lójú ẹ̀yin ọmọ kíláàsì rẹ̀ ni mo ti pè é ní olódo. Odalis ló gbà á! Èmi ni olódo!"

Migdalia, tí òun àti olóògbé jọ jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà nígbà yẹn, gbé ife rẹ̀ sílẹ̀.

"Tísà, a mọ̀. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn náà la pín in. Odalis ló ní ká má sọ fún ẹnikẹ́ni, kójú má baà ti bàbá òun."

"Kí ló pè mí?"

"Bàbá òun, Tísà."

Ó di pósí mú, ó sì bú sẹ́kún.